Plankton inú òkun ilẹ̀ olóoru: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ará Àkúrẹ́, Òǹdó àti etíkun Ìlàjẹ

Kí ni plankton gan-an?

Ẹ̀dá inú omi èyíkéyìí tí kò lágbára tó láti wẹ̀ ta ko ìṣàn omi ni. Victor Hensen, onímọ̀ ará Jámánì, ló sọ wọ́n lórúkọ yìí ní 1887, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí alárìnkiri. Kì í ṣe pé wọn kì í rìn o. Àwọn kan nínú wọn ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà láàárín ọ̀sán àti òru, ṣùgbọ́n ibi tí omi bá dorí kọ ni wọ́n máa bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí jellyfish tó fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ fi jẹ́ plankton, tí ẹja tín-ín-rín tó lè wẹ̀ ta ko omi kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ojú lásán kò rí là ń sọ níbí. Phytoplankton ni àwọn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewéko. Zooplankton ni àwọn ẹranko kéékèèké tó ń jẹ wọ́n. Bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì náà wà láàárín wọn, àwọn ló sì pọ̀ jù bí a bá ní ká kà wọ́n ní oríkorí.

Báwo ni wọ́n ṣe kéré tó?

Máíkírómítà la fi ń wọ̀n wọ́n. Ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan. Àwọn tó wà láàárín 0.2 sí 2 ló kéré jù lára àwọn tó ń ṣe oúnjẹ. Láti 2 dé 20 ni àwọn agbedeméjì. Láti 20 dé 200 ni àwọn tí àwọ̀n lásán lè mú, tí máíkírósíkóòpù ilé ẹ̀kọ́ sì lè fi hàn dáadáa. Láti 200 lọ sókè ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ zooplankton.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló ń bà á jẹ́ fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́: ihò àwọ̀n yín ló ń pinnu ohun tí ẹ máa sọ pé ó wà nínú òkun. Prochlorococcus, phytoplankton kan tí kò ju nǹkan bí 0.6 máíkírómítà lọ, lè tó 100,000 nínú mìlílítà omi kan ní òkun olóoru. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ títí di àárín ọdún 1980 sí 1989, nígbà tí Sallie Chisholm, Robert Olson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ẹ̀rọ tó ń ka sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú iná lésà rí i. 1988 ni wọ́n kéde rẹ̀. Gbogbo àwọ̀n tí wọ́n ti ń fà láti ìgbà Hensen ló ti jẹ́ kó gba inú ihò kọjá.

Ṣé òótọ́ ni pé òkun olóoru ló ní irú plankton tó pọ̀ jù?

Irú ló pọ̀. Iye kò pọ̀. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹ wo Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ ní ọjọ́ tí ọgọ́rùn-ún obìnrin jókòó, tí kálukú wọn gbé ìgbá kékeré kan kalẹ̀, tí ohun tó wà nínú ìgbá kan kò jọ ti ìkejì. Òkun olóoru nìyẹn. Òkun tútù ní ìgbà tí yìnyín bá ń yọ́ dà bí ìgbà tí ọkọ̀ àjàgbé márùn-ún bá já iṣu sílẹ̀: ọjà kún, ṣùgbọ́n iṣu nìkan ni.

Ohun tó fà á rèé. Oòrùn ń gbóná lé omi òkè lórí ní gbogbo ọdún. Omi gbígbóná fúyẹ́, ó sì léfòó lórí omi tútù bí epo pupa ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀. Èròjà tí phytoplankton nílò, bíi náítírétì, fọ́sífétì àti sílíkà, ń rì lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú òkú àti ìgbẹ́ ẹ̀dá inú omi, kò sì rí ọ̀nà gòkè mọ́. Ìmọ́lẹ̀ wà lókè, oúnjẹ wà nísàlẹ̀. Nítorí èyí, ní àárín agbami, ibi tí ewéko omi ti pọ̀ jù kì í ṣe ojú omi rárá. Ó máa ń wà ní nǹkan bí 80 sí 150 mítà sísàlẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti pàdé oúnjẹ díẹ̀. Ẹni tó bá bu omi ojú òkun nìkan, tó ní òkun ṣófo, kò tíì dé ibi tí ọjà wà.

Òkun tó dúdú bí aró lẹ́wà lójú, àmọ́ àwọ̀ ebi ni. Omi tí oúnjẹ bá pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ẹrẹ̀.

Gbogbo irú kọ́ ló sì pọ̀ jù ní orí ilà agbedeméjì ayé gan-an. Àwọn foraminifera, tí wọ́n ní ìkarawun ẹfun, pọ̀ ní irú jù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilà náà. Ọkọ̀ ìwádìí Tara, tó yí òkun ayé ká láàárín 2009 sí 2013, kó nǹkan bí 35,000 àyẹ̀wò jọ láti ibi 210. Nínú àbájáde tó jáde ní 2015, DNA fi irú bí 150,000 hàn láàárín àwọn ẹ̀dá tí sẹ́ẹ̀lì wọn ní kóró nínú, nínú omi tí oòrùn ń dé. Àwọn tí ènìyàn ti sọ lórúkọ kò ju nǹkan bí 11,000 lọ.

Àwọn wo ni a máa ń bá pàdé jù?

Diatom kọ́kọ́, phytoplankton ni. Sílíkà ni ilé wọn, ohun tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì, ó sì ní ìdérí bí agolo. Coscinodiscus rí roboto bí owó onírin. Chaetoceros máa ń so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ní irun gígùn. Skeletonema dà bí okùn tí wọ́n fi ìkòkò kéékèèké sín. Ibi tí omi ti ń rú, tí oúnjẹ ti wà, ni wọ́n ti ń jọba.

Dinoflagellate ní ìrù méjì tó fi ń wẹ̀. Èyí tí ẹ máa tètè mọ̀ ni Ceratium oníwo mẹ́ta, tó dà bí ìdákọ̀ró. Ìwé tuntun ń pe àwọn tó ń gbé inú òkun ní Tripos, nítorí náà ẹ má ṣe kà á lẹ́ẹ̀mejì bí ìwé méjì bá pè é ní orúkọ méjì. Wọ́n fẹ́ràn omi gbígbóná tó dúró jẹ́ẹ́. Àwọn kan nínú wọn kì í ṣe oúnjẹ fúnra wọn, ọdẹ ni wọ́n.

Trichodesmium, bakitéríà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, yẹ fún ìwé tirẹ̀. Ó máa ń léfòó bí ìyẹ̀fun pákó tí káfíńtà gbọ̀n sójú omi, ojú lásán sì lè rí ìdì rẹ̀. Ó lè mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ kó sì sọ ọ́ di ajílẹ̀, tí àwọn yòókù á wá jẹ nínú rẹ̀. Omi tó gbóná ju nǹkan bí 20 sẹ́ńtígíréèdì lọ ló ń wù ú, irin sì ni àìní rẹ̀. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé wá láti Sàhárà wà lára ohun tó ń gbé irin yẹn dé Àtìláńtíìkì.

Nínú zooplankton, copepod ló máa ń ju ìdajì ohun tí ẹ máa kà lọ. Ìbátan edé ni. Ó máa ń la ìpele ọmọ mẹ́fà kọjá, lẹ́yìn náà ìpele mẹ́fà mìíràn, ìkẹfà sì ni àgbà. Bí ẹ bá wá rí ọmọ roboto ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, tí kò jọ ìyá rẹ̀ rárá, ẹ má fún un lórúkọ tuntun. Ẹyin àti ọmọ ẹja, ọmọ alákàn, ọmọ edé àti ti ìgbín òkun náà máa ń jẹ́ plankton fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà kúrò níbẹ̀. Ẹja ṣáwá tí wọ́n ń tà n'Ígbókòdá sún mọ́ ìdí àtẹ̀gùn oúnjẹ inú òkun gidi: plankton ló ń jẹ tààrà.

Ṣé omi Ìlàjẹ náà rí bí agbami yẹn?

Rárá o. Etíkun wa láti apá Àràròmí títí kọjá Ayétòrò kì í ṣe iyanrìn funfun. Ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn onímọ̀ sì mọ̀ ọ́n sí etíkun ẹrẹ̀ Máhìn. Ìgbì ń ru ẹrẹ̀ yẹn sókè lójoojúmọ́, odò àti ọ̀sà sì ń tú omi aláìníyọ̀ sínú rẹ̀. Oúnjẹ pọ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Òdìkejì agbami gan-an ni.

Nítorí náà, irú tí ẹ máa rí á dín kù, àwọn tó ń fara da iyọ̀ tó ń lọ sókè sódò ló sì máa pọ̀. Omi agbami ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú kílógíráàmù kan. Nítòsí ẹnu odò nígbà òjò, ó lè já wálẹ̀ gidi gan-an. Ẹni tó bá ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, tó wá da àtòjọ irú láti inú ìwé tí wọ́n kọ nípa Àtìláńtíìkì agbami sínú tirẹ̀, tí kò sí diatom ọ̀sà kan níbẹ̀, olùyẹ̀wò á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwọ̀n rẹ̀ kò kan omi Ìlàjẹ.

Ìgbà wo nínú ọdún ló pọ̀ jù?

Ìṣàn omi Gínì ń gba etíkun wa kọjá lọ sí ìlà oòrùn. Ní etíkun Ivory Coast àti Ghana, omi tútù ọlọ́ràá ń rú sókè láti Oṣù Keje dé Oṣù Kẹsàn-án, díẹ̀ sì tún máa ń rú ní nǹkan bí Oṣù Kìíní àti Ìkejì. Plankton á pọ̀ bámú, ẹja sardine á sì tẹ̀lé e. Calanoides, copepod kan tó máa ń fara pamọ́ sínú omi jíjìn ní ìyókù ọdún, á gòkè wá ní àkókò náà. Àmọ́ bí ìrúsókè yìí ṣe ń súnmọ́ Nàìjíríà ló ń rọ̀ sí i, nítorí náà ẹ má ka àkókò Ghana sí tiwa.

Lọ́dọ̀ tiwa, òjò àti odò ló ń darí ọ̀rọ̀ náà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á ga, omi á mọ́ díẹ̀, àwọn irú òkun gidi á wọlé títí dé inú ọ̀sà. Nígbà òjò, ajílẹ̀ á wọlé ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ á bo ìmọ́lẹ̀. Ìwádìí tí kò kó omi ní ìgbà méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀ nípa ọdún.

Báwo la ṣe ń kó àyẹ̀wò láti inú ọkọ̀ ojú omi?

Ẹni tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ á gba Òǹdó, Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa dé Igbókòdá kó tó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ohun tí ẹ bá gbàgbé sílé, ẹ ti gbàgbé ẹ̀ nìyẹn. Ẹ kó àwọ̀n phytoplankton oníhò 55 máíkírómítà àti ti zooplankton oníhò 200, okùn tí ẹ ti fi àmì sí ní mítà mítà, ìgò, páálí, lẹ́ẹ̀dì láti kọ̀wé (yíǹkì máa ń ṣí nínú omi àti nínú oògùn), ìwọ̀n ooru, ìwọ̀n iyọ̀ àti àwo funfun tó fẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà.

Kí ẹ tó da nǹkankan rú, ẹ wọn ooru àti iyọ̀, kí ẹ sì rọ àwo funfun náà sínú omi ní apá tí òjìji ọkọ̀ wà. Ibi tí ẹ kò ti rí i mọ́ ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.7, ẹ ó ní ìfojúbù ibi tí ìmọ́lẹ̀ tó tó fún ewéko omi dé. Bí àwo bá pòórá ní ìdajì mítà, mítà kan lé díẹ̀ péré ni oko wọn jìn.

Fún kíkà tó péye, korobá dára ju fífà lọ nínú omi kékeré. Ẹ fi korobá tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ da 100 lítà omi gba inú àwọ̀n 55, ẹ fi omi fọ ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n láti ìta, kí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn ṣubú sínú ìgò ìsàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tó 50 mìlílítà.

Bí ẹ bá fẹ́ fa àwọ̀n, kí ọkọ̀ rọra lọ, bí ẹni ń rìn gbẹ̀fẹ́. Àwọ̀n tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà, tí ẹ fà fún 100 mítà, ń sẹ́ nǹkan bí 7,000 lítà omi, bí ihò rẹ̀ kò bá dí. Ó sì máa ń dí! Nínú omi ẹrẹ̀, bí ẹ bá rí i tí omi ń wú síwájú ẹnu àwọ̀n dípò kó wọlé, ó ti dí nìyẹn, iye tí ẹ ṣírò á sì kéré ju òótọ́ lọ. Ìṣẹ́jú méjì ti tó níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti agbami ni.

Ẹ kọ wákàtí sílẹ̀, kí ẹ sì kọ bóyá omi ń kún tàbí ó ń fà. Nígbà tí omi bá kún, irú òkun lẹ máa mú. Bó bá fà, ti ọ̀sà ni. Zooplankton tún máa ń gòkè lálẹ́, wọ́n á sì sá sísàlẹ̀ fún ojú ẹja bí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹni tó kó tirẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kò lè fi í wé ti ẹni tó kó o ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Ṣé mo lè fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn rán àwọ̀n?

Ẹ má ṣe é. Ihò rẹ̀ ju mìlímítà kan lọ, oògùn ara rẹ̀ sì ń pa zooplankton. Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ tó láti fi han àwọn ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fà ni ihò rẹ̀ ń yí padà, nítorí náà kò wúlò fún kíkà.

Èwo la fi ń tọ́jú àyẹ̀wò kó má bàjẹ́, Lugol tàbí formalin?

Lugol fún phytoplankton. Ẹ yọ́ gíráàmù 100 potassium iodide sínú lítà omi distilled kan, kí ẹ tó wá da gíráàmù 50 iodine sí i, lẹ́yìn náà 100 mìlílítà glacial acetic acid. Ẹ má yí i padà: iodine nìkan kì í yọ́ nínú omi lásán. Bíi mìlílítà kan fún 100 mìlílítà omi ti tó, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dà bíi tíì tí kò le. Ìgò dúdú onígíláàsì ni kí ẹ lò, nítorí ìmọ́lẹ̀ àti ike ń gba iodine lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọ̀ bá ti ń ṣí, ẹ fi díẹ̀ kún un. Ásíìdì inú rẹ̀ ń yọ́ ìkarawun ẹfun, nítorí náà kì í ṣe fún àwọn tí ìkarawun ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀.

Formalin fún zooplankton: ìdá kan formalin inú ìgò sí ìdá mẹ́sàn-án àyẹ̀wò, ẹ ó ní nǹkan bí 4%. Ẹ fi borax pa ásíìdì rẹ̀ kú. Májèlé ni, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì gbé e sínú ọkọ̀ èrò tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì.

Báwo la ṣe ń kà wọ́n?

Àwo Sedgewick-Rafter ló wọ́pọ̀ jù: 50 mìlímítà ní gígùn, 20 ní fífẹ̀, 1 ní jíjìn, ó sì ń gba mìlílítà kan gééré. Ẹ yí ìgò sókè sódò jẹ́jẹ́ kí ẹ tó fà á (ẹ má mì í bí oògùn ikọ́, ìlẹ̀kẹ̀ diatom á já), ẹ bo àwo náà láìsí afẹ́fẹ́ nínú, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kó tòrò.

Ká ní ẹ ka sẹ́ẹ̀lì 120 nínú mìlílítà kan, tí àyẹ̀wò jẹ́ 50 mìlílítà láti inú 100 lítà. Ẹ sọ 120 di ìlọ́po 50, kí ẹ pín in sí 100: sẹ́ẹ̀lì 60 nínú lítà kan. Bí ẹ bá ka 100 péré, àṣìṣe lè tó 20% sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ka 400, ó dín sí 10%. Lẹ́yìn 400, agara tí á dá yín ju èrè lọ.

Kí ni nọ́ńbà Shannon ń sọ fún wa?

Ìwọ̀n oríṣiríṣi ni: ó ń wo iye irú àti bí sẹ́ẹ̀lì tí ẹ kà ṣe pín láàárín wọn. Bí irú mẹ́rin bá ní 25 lọ́kọ̀ọ̀kan, èsì rẹ̀ jẹ́ 1.39 pẹ̀lú lógárídímù àdánidá. Bí ọ̀kan bá gba 97, tí mẹ́ta yòókù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó já sí 0.17, bẹ́ẹ̀ irú mẹ́rin náà ni. Ẹni tó lo lógárídímù onímejì máa rí 2.00 fún ti àkọ́kọ́. Nítorí náà ẹ sọ èyí tí ẹ lò. Kì í ṣe ìwọ̀n ìdọ̀tí omi. Ẹnu odò tó mọ́ tónítóní lè ní nọ́ńbà kékeré nítorí iyọ̀ tó ń yí padà.

Ṣé DNA kò ti sọ máíkírósíkóòpù di ohun àtijọ́?

Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. DNA ń rí àwọn tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀. Ohun tí gbogbo ìwé ń pè ní Skeletonema costatum tẹ́lẹ̀ ti já sí oríṣiríṣi irú. Ṣùgbọ́n iye DNA kì í ṣe iye orí: dinoflagellate kan lè ní ẹ̀dà jíìnì kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, á wá dà bí ẹni pé òun ló kún òkun. Lugol tún máa ń ba DNA jẹ́, nítorí náà ìgò tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Òkun máa ń tàn lóru bí wọ́n bá ki àjẹ̀ bọ̀ ọ́. Kí ló fà á?

Dinoflagellate ni, Noctiluca wà lára wọn. Bí nǹkan bá kan wọ́n, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró.

Bí omi bá pupa tàbí tó yí sí àwọ̀ ewé, ṣé ẹja rẹ̀ ṣeé jẹ?

Àwọ̀ nìkan kò sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ irú tó ń pọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní májèlé, àwọn kan sì ní in láìyí àwọ̀ omi padà. Ohun tó ń pa ẹja jù ni àìtó afẹ́fẹ́: lóru, ewéko omi ń mí bí ẹranko, á sì gba ọ́síjìn tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni àwọn oníkarawun méjì, bí oyster àti mussel, tí wọ́n kó níbi tí omi ti yí àwọ̀, nítorí wọ́n ń sẹ́ plankton jẹ, májèlé á sì kó jọ sí wọn nínú. Saxitoxin, ọ̀kan lára májèlé yìí, kì í kú sínú omi gbígbóná. Sísè àti yíyan kò ràn án. Bí ètè bá ń ṣe wínníwínní tàbí tó kú lẹ́yìn oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ kíákíá, torí ó lè dé ibi èémí. Ẹ má jẹ ẹja tó ti kú sójú omi, ohun yòówù tó pa á.

Koríko òkun tó ń wọ́ wá sí etíkun láti 2011 ńkọ́?

Sargassum nìyẹn. Omi ń gbé e kiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewéko ńlá ni, kì í ṣe ti máíkírósíkóòpù.

Mo ń sin ẹja àrọ̀ l'Ákùúrẹ́. Ṣé mo lè bu plankton òkun wá fún ọmọ ẹja mi?

Kò ní yè. Omi aláìníyọ̀ á wọ inú ara ẹ̀dá òkun, á sì pa á láàárín ìgbà díẹ̀. Òkú rẹ̀ ni yóò wá ba omi yín jẹ́. Ti inú omi dídùn ni kí ẹ lò: rotifer àti Moina. Ọmọ àrọ̀ máa ń jẹ ẹyin inú ara rẹ̀ tán ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tó bá pa, ìgbà yẹn ni oúnjẹ alààyè gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ Moina ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Nínú adágún, bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ omi, tí àtẹ́lẹwọ́ yín pòórá kí omi tó dé ìgúnpá, ewéko omi ti pọ̀ jù. Ẹ dá ajílẹ̀ dúró, kí ẹ sì pààrọ̀ apá kan omi náà. Bí ẹ bá rí àtẹ́lẹwọ́ yín nígbà tí omi ti kọjá ìgúnpá dáadáa, kò tíì tó.